Ta Ló Ni Ibẹ̀ Gan-an? Lẹ́tà sí Àjọkẹ́

Mọ́níyà, Ìbàdàn

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni òtútù Manchester? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi orúnkún mi tó máa ń ké sí mi tí òjò bá ti ṣú. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń rán mi níṣẹ́ mọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Nígbà tí mo dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé wọ́n fẹ́ fi ọ́ sínú bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò yín, àti pé o ò sùn mọ́jú torí o ò mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Ìwọ tó o ti ń ṣe akápò àjọ láti kékeré! O ní kí n ṣàlàyé fún ọ, èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ ìwé ìpàdé fún bọ́ọ̀dù ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn níbí. Lẹ́yìn náà lo wá fi ìbéèrè ìgbà èwe wa kún un: ta ló ni IITA gan-an?

Ó yẹ kó o rántí. Tí a bá ń ti Ọ̀jọ́ọ̀ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, a máa ń nàgà wo wáyà gígùn yẹn àti igi tó ṣú dùdù lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá rẹ ní Gowon ló ni ín. Ìyá mi ní àwọn òyìnbó ni. Kọ̀ńdọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwa ò kàn án, ká sanwó ọkọ̀. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé bàbá rẹ àti ìyá mi ló jọ ṣì í, wọ́n sì jọ gbà á díẹ̀díẹ̀.

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967. Ní ọjọ́ 24 oṣù yẹn kan náà, ìjọba ológun Gowon fọwọ́ sí òfin tó dá IITA sílẹ̀. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi: ìbọn ti ń dún lápá ìlà-oòrùn, síbẹ̀ ẹnì kan jókòó ti tábìlì, ó ń fọwọ́ sí ìwé nítorí ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀wà. Nàìjíríà mú ilẹ̀ wá, 1,000 hẹ́kítà. Ford Foundation àti Rockefeller Foundation mú owó wá láti Amẹ́ríkà. Tó bá ṣe pé onílẹ̀ ló ni ilé, tiwa ni. Tó bá ṣe pé olówó ni, tiwọn ni. Òfin ò gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó sọ ilé iṣẹ́ náà di ẹni tó dá dúró fúnra rẹ̀, tó lè gba òṣìṣẹ́, tó lè tọwọ́ bọ àdéhùn, tó sì lè ní nǹkan. Kò sẹ́ni tó ní ṣíà níbẹ̀. Bí owó bá ṣẹ́ kù nígbà tí ọdún bá parí, kò sí olówó kankan tó ń dúró de èrè.

Ọmọ Ìbàdàn ni ẹ́, o mọ ilé ẹbí. Mọ́gàjí ló ń darí agboolé, òun ni àlejò ń kí, òun ló ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n kó dán an wò kó ta yàrá kan ṣoṣo níbẹ̀, kódà àwọn ìyàwó ilé á fi ọmọ orógùn lé e jáde. Ọ̀gá àgbà ni mọ́gàjí yẹn. Bọ́ọ̀dù ni àwọn àgbà ẹbí tó fi í jẹ, tí wọ́n sì lè rọ̀ ọ́ lóyè. Ibi tí àfiwé mi ti já ni pé ilé ẹbí lọ́mọ. Ọmọ lè bínú, ó lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. IITA ò lọ́mọ. Àgbẹ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ò ní ìbò kankan níbẹ̀, kò sì mọ orúkọ alága bọ́ọ̀dù. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí kò sí onílé tó máa yọjú, àfi kí ìwé máa ṣọ́ ilé.

Ìwé náà la wá ń ṣe. Kí tablet tó dé, orí pépà la ń tẹ gbogbo ẹ̀ sí. A ó lu ihò sí i, a ó to àwọn kádi aláwọ̀ sáàárín, fáìlì kọ̀ọ̀kan á sì ki bíi Bíbélì orí àga ìwàásù. Kọmití ìṣirò owó àti ewu lọ́tọ̀, ti ètò ìwádìí lọ́tọ̀, ti ìṣúná lọ́tọ̀, ti àwọn tó ń wá ọmọ bọ́ọ̀dù tuntun náà lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀dù á ti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá: onímọ̀ ọ̀gbìn, amòfin, ẹni tó mọ̀ nípa owó. Ìjọba Nàìjíríà ní àga tirẹ̀ láàárín wọn. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wọ́n á jókòó fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ, ọ̀gá àgbà á sì máa bá iṣẹ́ lọ títí wọ́n á fi tún padà.

Mo ti rí àwọn tó ń ṣí fáìlì wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí tábìlì ìpàdé. Mo sì ti rí ìyá àgbà kan tó máa ń fi bírò pupa falà sábẹ́ òǹkà, tó máa ń béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Kí ló dé tí èyí ò bá ti ọdún tó kọjá mu?" Gbogbo gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́. Tí o bá máa wọ bọ́ọ̀dù, Àjọkẹ́, mọ̀ pé bírò pupa yẹn niṣẹ́. Owó oṣù kọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó là mí lójú, ẹnu ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀. Ìgbà kan máa ń wà nínú ìpàdé tí alága á ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ jáde. Àwa akọ̀wé á kó pépà wa. Ọ̀gá àgbà náà á dìde, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ: ṣé ó ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ṣé kí wọ́n fi kún ọdún rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo bá ọ̀gá wa ní kọ́rídọ̀. Ẹni tí a bá gbúròó bàtà rẹ̀ tí olúkúlùkù máa ń tún ìjókòó ṣe! Ó di ife tíì mú, ó ń wo òjò tó ń rọ̀ sórí kóríko. Ó bi mí bí ọmọ mi ṣe ṣe nínú ìdánwò. Mo ní ó yege. Ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà, ó tún kọjú sí òjò. Kò mu tíì yẹn títí wọ́n fi pè é wọlé. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ẹni tó lè ní kí ọ̀gá jáde, òun ló di ilé mú. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ yẹn bóyá ìpàdé tiwọn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀gá wọn bá máa ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó tún jẹ́ òun ló ń yan àwọn ọmọ bọ́ọ̀dù, má ṣe bá wọn dé ibẹ̀.

Ọ̀gá àkọ́kọ́ ní IITA, Herbert Albrecht, ará Amẹ́ríkà ni. Ó di ọdún 2011, ọdún 44 lẹ́yìn ìdásílẹ̀, kí ọmọ Áfíríkà tó jókòó sórí àga yẹn: Nteranya Sanginga, ọmọ Kóńgò. Simeon Ehui, ọmọ Côte d'Ivoire, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2023. Àga méjì ni Ehui bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọ́n tún fi í ṣe olùdarí CGIAR fún Áfíríkà. CGIAR ni agboolé ńlá àwọn ilé ìwádìí ọ̀gbìn kárí ayé, tí IITA wà nínú rẹ̀. Ọdún 1971 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kí àwọn tó ń fówó sílẹ̀ lè máa jókòó pọ̀. Mẹ́rin ni àwọn àkọ́bí: ti ìrẹsì ní Philippines, ti àgbàdo àti àlìkámà ní Mexico, CIAT, ti ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, ní Colombia, àti tiwa. Ọ́fíìsì àpapọ̀ wà ní Montpellier ní ilẹ̀ Faransé. Láti ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń sọ pé kí gbogbo wọn di ọ̀kan ṣoṣo. Tí o bá ti gbé inú agboolé rí, o mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí. Gbogbo èèyàn gbà pé ìṣọ̀kan dára, ṣùgbọ́n ta ló máa kó kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sílẹ̀? IITA fúnra rẹ̀ náà ti fọ́n ká: Kano, Cotonou, Yaoundé, Dar es Salaam, Lusaka àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí olúkúlùkù ń jíhìn sí Ìbàdàn.

Wàá ní ṣé bọ́ọ̀dù ló wá ń pinnu gbogbo nǹkan. Nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Owó ló ń ba ìwé jẹ́. Jẹ́ kí n fi ilé rẹ ní Akóbọ̀ ṣàpẹẹrẹ. O fi owó páànù ránṣẹ́, o sì kọ ọ́ gàdàgbà pé páànù nìkan ni. Káfíńtà ò ní owó ọkọ̀. Ọlọ́dẹ ò tíì gba owó oṣù. Owó ń bẹ lọ́wọ́ mi, ìyà sì ń jẹ ilé. Bí owó púrọ́jẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn. Ẹnì kan á ní tòun wà fún ẹ̀gẹ́ ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, fún ọdún márùn-ún, kò gbọdọ̀ kan nǹkan mìíràn. Ta ló máa ra dísù fún jẹnẹrétọ̀? Ta ló máa sanwó ọ́dítọ̀? Èyí tí gbogbo ilé iṣẹ́ irú èyí ń wá lójú méjèèjì ni owó tí kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù. Nítorí náà, bọ́ọ̀dù lè jókòó, kó ṣe ètò ọdún mẹ́wàá tó dán, kó wá jẹ́ pé ohun tí àwọn olówó fẹ́ lọ́dún yẹn ni wọ́n máa ṣe.

Ìlànà kan wà ní CGIAR tí mo fẹ́ràn. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń ka owó ìpamọ́: tí gbogbo owó bá dáwọ́ dúró lónìí, ọjọ́ mélòó ni ilé iṣẹ́ lè fi gbé ara rẹ̀? Wọ́n fẹ́ kó tó ọjọ́ 75 sí 90. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tú USAID ká ní 2025, àjọ ìrànwọ́ wọn tó ti ń fówó sílẹ̀ fún CGIAR láti ọdún pípẹ́, òǹkà yẹn ni mo kọ́kọ́ rántí, mo sì ti fẹ̀yìn tì o. Béèrè òǹkà yẹn náà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ yín.

Kí o má bàa rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà pé ó dára kí ilé kan wà tí kò ní onílé. Ṣé o rántí kòkòrò funfun, bíi pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sára ewé, tó fẹ́ẹ̀ pa gbogbo ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà? Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá ní bí ọdún 1970 sí i. Ẹnì kan láti CIAT, ẹbí wa ní Colombia, ló rí kòkòrò náà níbi tó ti ṣẹ̀ wá gan-an, ní Paraguay, ní 1981, wọ́n sì bá agbọ́n tín-ínrín kan tó ń fi í ṣe oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé agbọ́n náà gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, níbi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kó má bàa kó wàhálà mìíràn wá, kó tó dé Ìbàdàn. Hans Herren ló darí iṣẹ́ náà, Cotonou sì di ojúkò rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi bàálù dà wọ́n sílẹ̀ lófuurufú. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Báyìí, ilé iṣẹ́ aṣòwò wo ló máa ṣe é? Agbọ́n tó ń bí ara rẹ̀, tó ń fò gba ẹnubodè láìsan nǹkan kan, tí àgbẹ̀ ò ní rà lẹ́ẹ̀kan, áḿbọ̀sìbọ́sí lẹ́ẹ̀kejì! Kò sí èrè níbẹ̀.

Irúgbìn náà ńkọ́? Báńkì irúgbìn wọn ní Ìbàdàn ní oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000, tó tutù tó ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo, ẹ̀dà wọn sì wà nínú òkè yìnyín ní Svalbard, erékùṣù Norway. Láti 1994 ni wọ́n ti bá FAO, àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn àgbáyé, tọwọ́ bọ̀wé pé ọwọ́ àwọn ló wà, kì í ṣe tàwọn. Ẹni tó bá fẹ́ á kọ̀wé béèrè. Nígbà kan tí mo wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú àlejò, wọ́n gbé pákó pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ fún wa, ẹ̀wà oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀: pupa, dúdú, alámì, èyí tó rí bí ojú ẹyẹlé. Mo rí irú èyí tí ìyá rẹ máa ń fi ṣe àkàrà, tí mi ò rí lọ́jà mọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilé. Páànù ti dé, ọgọ́rin ìdì kọ́ ni mo rà bí a ṣe sọ, méjìdínlọ́gọ́rin ló tó. Mo yá owó ọkọ̀ káfíńtà láti inú owó ìdì méjì tó ṣẹ́ kù yẹn láìtọrọ àyè, ó sì wà nínú ìwé. Rìsíìtì gbogbo ẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí, títí kan ti ìṣó. Èyí tí òjò pa ni mo fi bírò pupa tún òǹkà rẹ̀ kọ sẹ́yìn.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ