Asẹ́ Iyanrìn Kò Lè Dá Tọ́jú Ara Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn ìjọba àti ẹgbẹ́ aláàánú tó ń pín asẹ́ iyanrìn, èyí tí a fi ń sẹ́ omi mímu, fún àwọn ará ìgbèríko ń ṣe ohun tó dára, ṣùgbọ́n iye asẹ́ tí wọ́n pín ni wọ́n máa ń kà fún wa, wọn kì í sábà sọ iye tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan.

Agbára iyanrìn kọ́ ni mo ń jiyàn. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní ìlú Hamburg ní Jámánì ní ọdún 1892, ó pa ju 8,000 ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló rí pa ní Altona tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni odò Elbe kan náà ni àwọn méjèèjì ń mu, Altona gan-an ló sì wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí ìdọ̀tí Hamburg ń ṣàn lọ bá a. Iyanrìn ni Altona fi ń sẹ́ omi tirẹ̀. Hamburg kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Asẹ́ kékeré inú ilé, tí David Manz ti Yunifásítì Calgary ní Kánádà gbé kalẹ̀, ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Àpótí kọnkéré tàbí ike ni. Òkúta wẹẹrẹ wà nísàlẹ̀, iyanrìn kíkúnná tí a ti fọ̀ wà lókè rẹ̀, omi tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sì gbọ́dọ̀ bo iyanrìn náà nígbà tí asẹ́ bá ń sinmi. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé awọ ẹlẹ́mìí kan máa ń hù sójú iyanrìn yìí, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń pa ara wọn jẹ, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí awọ náà tó dàgbà tó láti sẹ́ omi dáadáa. Ẹni tí a kò sọ èyí fún yóò fọkàn tán omi náà láti ọjọ́ kìíní, yóò máa gbé àpótí náà kiri inú ilé títí iyanrìn yóò fi ṣí nípò, yóò sì máa da omi ẹrẹ̀ sí i. Bó bá wá dí, yóò kó gbogbo iyanrìn jáde láti fọ̀ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ló yẹ kó fi ọwọ́ rú díẹ̀, kó sì bu omi tó dàrú náà dànù. Bí a kò bá da omi sí i fún ju ọjọ́ méjì lọ, awọ yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Iyanrìn kò lè yọ iyọ̀, fúlóráìdì tàbí oògùn apakòkòrò tó ti yòrò sínú omi, kì í sì í mú gbogbo fáírọ́ọ̀sì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a yẹ omi náà wò kí a tó gbé asẹ́ wá rárá, kí a sì fi kọlórínì díẹ̀, èròjà tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi, sí èyí tí a bá ti sẹ́. Garawa tí a fi pọn omi ìdọ̀tí (mo mọ̀ pé òun ló máa ń wà nítòsí) kọ́ ni ó yẹ ká fi gbe omi tó mọ́.

Àbá mi ni pé kí wọ́n kọ́ ènìyàn méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn obìnrin tó ń pọnmi, kí wọ́n máa san nǹkan fún wọn, kí wọ́n sì máa yẹ asẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan wò, àgàgà ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ̀yin oníròyìn náà, bí wọ́n bá pè yín síbi ìfilọ́lẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ síbẹ̀ lọ́dún kejì.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.