Kì í ṣe Paris ló ń da owó lé èdè Breton lórí

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìjọba Faransé ń da owó lé àwọn èdè ìbílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ lórí, pé kí àwọn ọmọ wa tó gbọ́ Faransé tètè lọ gba owó ìwádìí níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Faransé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan sì wà ní Rennes báyìí tó ń kọ́ Breton, èdè àwọn ará Bretagne, ẹkùn kan ní ìwọ̀ oòrùn Faransé. Owó wà lóòótọ́. Ibi tó ti ń wá lẹ ṣì mú.

Paris ò fẹ́ràn àwọn èdè yìí rí. Ní 1794 ni Àlùfáà Grégoire ka ìwé níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n pa àwọn èdè àdúgbò rẹ́, kí gbogbo ará ìlú máa sọ Faransé. Nígbà tó yá, ọmọ ilé ìwé tó bá la ẹnu sọ Breton, wọ́n á fi bàtà onígi kọ́ ọ lọ́rùn, àfi tó bá rí ọmọ mìíràn tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà kó tó lè bọ́ ọ fún un. Àna mi tó kàwé ní Kétu láyé Dàhòmì ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún òun. "Sinyáàlì" ni wọ́n ń pe tiwọn, egungun ẹran sì ni. Ó ní ìgbà tó kọ́kọ́ kan òun, "ebi ń pa mí" ni òun sọ.

Lóde òní ńkọ́? Ní 1992 wọ́n kọ ọ́ sínú òfin orílẹ̀-èdè pé Faransé ni èdè ìjọba wọn. Ní 1999 wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń dáàbò bo èdè ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní wọn ò tíì sọ ọ́ di òfin. Ní 2021, aṣòfin Paul Molac, ọmọ Bretagne, jà títí tí òfin èdè ìbílẹ̀ fi jáde. Kó tó di pé wọ́n fọwọ́ sí i, Ìgbìmọ̀ Òfin Orílẹ̀-èdè, tó ń wò ó bóyá òfin tuntun bá òfin orílẹ̀-èdè mu, ti yọ ibi tó gbà kí wọ́n fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀kọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn ilé ìwé Diwan, tí wọ́n ń fi Breton kọ́ ọmọ, ti ń ṣe láti 1977 nìyẹn.

Ta ló wá ń sanwó? Ẹni tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú Breton á bá àwọn onítàn àti àwọn onílítíréṣọ̀ du àdéhùn iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta tí yunifásítì ń pín, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Bí kò bá mú un, ìjọba ẹkùn Bretagne lè san ìdajì, kí ibùdó ìwádìí tó gbà á wá ìdajì tó kù kiri. Ọ̀nà mìíràn ni èyí tí wọ́n ń pè ní CIFRE, tó ti wà láti 1981: iléeṣẹ́, tàbí ẹgbẹ́, tàbí ìjọba ìbílẹ̀ á gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ á fi díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀.

Ìdajì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Àwọn aṣojú ẹkùn tí ará Bretagne fúnra wọn dìbò yàn ló ń fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá gé owó ẹkùn kù lọ́dún kan, òun náà á dínkù.

Ohun kejì tí ẹ ò sọ ni ti iṣẹ́. Láti 1985 ni ìdánwò olùkọ́ Breton ti wà, àmọ́ iye àyè tí wọ́n ń ṣí lọ́dún kò pọ̀ rárá. Ìdánwò olùkọ́ tó ga jù ú lọ, ti àwọn èdè ìbílẹ̀, dé ní 2017. Ọmọ Nàìjíríà kò sì lè jókòó síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ ìjọba ni, àfi tó bá ní ìwé ọmọ ilẹ̀ Faransé tàbí ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Yunifásítì lè gba àjèjì. Ẹ wá ka iye tó ní ẹ̀ka Breton: Brest, tí ibùdó ìwádìí rẹ̀ ti wà láti 1969, àti Rennes. Ti àwọn èdè ìbílẹ̀ Faransé mìíràn ńkọ́? Ti Basque wà ní Bayonne, ti Corsica ní Corte, ti Occitan ní Montpellier àti Toulouse.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí èdè yìí kò ṣeé fi falẹ̀. Ìwádìí 2018 ka nǹkan bí 207,000 ènìyàn tó ń sọ Breton ní Bretagne. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2025 ka 107,000. Àwọn àgbà ló ń lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ èdè náà. Oṣù mẹ́fà gbáko, àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, lọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó kọ́ Breton kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fèsì sí lẹ́tà rẹ̀.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Faransé tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta