Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yín fi ń pẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Akúrẹ́, ẹ kú àdúrótì.

Ọ̀pọ̀ nínú yín, pàápàá ẹ̀yin olóòtẹ́ẹ̀lì, ti bi wá pé kí ló dé tí aṣọ tí ẹ kó wá lálẹ́ kì í jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ẹ̀sùn náà tọ́. A ti yọ bọ́ílà (ẹ̀rọ tó ń se omi) tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì kúrò, oníná mànàmáná la wá ń lò. Àwọn ará ilé ẹ̀yìn wa ní Òkè-Àró ló kọ́kọ́ mọ̀, torí aṣọ tí wọ́n sá kò gbóòórùn èéfín mọ́.

Iná kì í sọ ìgbà tó máa dé, ìyẹn la ṣe ra táńkì onílítà 1,000 tí wọ́n fi fóòmù tó nípọn wé yíká. Bí iná bá dé, a ó se omi rẹ̀ dé 85°C. Bí iná bá lọ, ooru dúró. Ìyá ọlọ́mọ tó ń gbé fúláàsì omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nítorí ògì òru ti mọ iṣẹ́ táńkì yìí. Táńkì kan, láti 25°C, ń jẹ nǹkan bí 70 yúníìtì lórí mítà. Ó dùn wá lápò, ṣùgbọ́n bọ́ílà àtijọ́ ń da apá kan ooru rẹ̀ nù gba ọ̀pá èéfín.

Àwọn kan ti gbé e jìnnà ju tiwa lọ. Ní Kankaanpää, ní Finland, láti 2022, nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù iyanrìn ni wọ́n kó sínú àgbá irin gíga, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná mú gbóná, tí ooru rẹ̀ sì ń wọ inú ilé àwọn èèyàn. Àwọn tó ń yan ẹ̀pà ní Ọjà Ọba á rẹ́rìn-ín: iyanrìn inú agbada kì í tutù bọ̀rọ̀.

Fífọ̀ kò níṣòro, omi táńkì tó o títí di òru. Lílọ̀ ló ń dá wa dúró. Áyọ́ọ̀nù wa ń fẹ́ omi tó ti hó kọjá 100°C, omi táńkì kò sì débẹ̀, nítorí náà a máa ń dúró de iná.

Iná tí à ń lò ọ̀hún, gáàsì ni wọ́n ń jó fi pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀. Èéfín kò tíì tán láyé, ẹ̀yìn ilé wa ló kúrò. Owó ìfọṣọ náà kò tíì wálẹ̀, a ṣì ń san gbèsè bọ́ílà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wá ṣáájú aago 12 ọ̀sán. Aṣọ òfì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, omi tútù la fi ń fọ̀ ọ́.