Ewé mẹ́rin tó já lára Sheldon mi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín pé ìwé bíi ti Sidney Sheldon, òǹkọ̀wé ìtàn ará Amẹ́ríkà nì, kò ju ohun tí èèyàn fi ń wá oorun lọ. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, torí pé oorun gan-an ni baba náà fi ń dù mí.

Ní 1988, mo ra ìwé rẹ̀ If Tomorrow Comes lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ìwé àlòkù nítòsí Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí. Mo bá Tracy Whitney, akọni obìnrin inú ìtàn náà, dé ẹ̀wọ̀n, mo bá a jáde, mo bá a jalè kiri ilẹ̀ Yúróòpù, àfi bí mo ṣe dé ìparí tí mo rí i pé ewé mẹ́rin ti já dànù! Mo padà lọ bá ìyá oníwèé. Ó ní, "Tíṣà, ṣebí ẹ ti ka èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀." Odidi ọdún méjì ni mo fi wá ewé mẹ́rin.

Iṣẹ́ sinimá ló kọ́ Sheldon ní ọgbọ́n tó fi ń dù mí lóorun yẹn. Chicago ni wọ́n ti bí i ní 1917. Kó tó kọ ìwé ìtàn kankan, ó ti gba Oscar, àmì-ẹ̀yẹ sinimá Amẹ́ríkà, ní 1948 fún ìtàn sinimá, òun náà ló dá eré apanilẹ́rìn-ín I Dream of Jeannie sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tí The Naked Face, ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, jáde ní 1970 (ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ ti lọ, ẹ gbọ́ o). Ẹnu ló fi ń sọ ìtàn, akọ̀wé á máa kọ ọ́ sílẹ̀, òun á wá máa tún un ṣe léraléra. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti fẹ́ kan ọrùn ló ti ń parí orí ìwé. Ẹni tó ti ń bẹ̀rù tipẹ́ pé kí òǹwòran má dìde lórí ìjókòó ló ń kọ̀wé báyẹn.

Ibi tí mo ti gbà fún ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ni pé a ti gbàgbé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwa. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ jáde ní 1969, ọdún kan ṣáájú ìwé Sheldon àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ mi mọ Tracy. Wọn ò mọ Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Òkédìjí.

Bọ́ọ̀lù ń gba odindi ojú-ewé lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìdajì kan fún ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lédè Yorùbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa gé e níbi tó bá ti dùn jù. Èmi á máa rà á. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ewé ìgbẹ̀yìn já.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.