Kí ló pa Bàbá? Lẹ́tà sí Màmá mi ní Ẹ̀pẹ́

Manchester, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọjà, ẹ kú àárò wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá ka lẹ́tà yìí sí yín létí dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwọn náà.

Lóṣù tó kọjá, ilé ìwòsàn àdúgbò wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá yẹ ara wò. Kì í ṣe pé nǹkan kan ń ṣe mí. Níhìn-ín, ẹni tó bá wà láàárín ọmọ 40 ọdún sí 74, tí wọn kò tíì bá àrùn bí àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn lára rẹ̀, ni wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dún márùn-ún márùn-ún, lọ́fẹ̀ẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n má lọ, torí mo ń rò ó pé ta ní í gbé ara líle tọ dókítà lọ. Nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá, ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 162 lórí 98. Ó yẹ kó wà nítòsí 120 lórí 80. Bó bá ti ń dé 140 lórí 90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi, mo ń sùn dáadáa. Wọ́n yá mi ní ẹ̀rọ tí mo fi wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje, kò yí padà, ni wọ́n bá fún mi ní oògùn tí mò ń lò lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já, ó ti ń wálẹ̀.

Ìbéèrè kan tí nọ́ọ̀sì náà bi mí ni kò jẹ́ kí n sinmi: "Kí ló pa bàbá rẹ?" Màmá, n kò rí ìdáhùn fún un. Mo rántí pé Bàbá jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n jẹun, wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe létí ọ̀sà, ni wọ́n bá ṣubú, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì gbé mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní ọwọ́ ayé ni, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé nílé, n kò rí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni wọn ìfúnpá Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa rọpárọsẹ̀ jù lọ, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. N kò lè búra pé òun ló mú wọn lọ, àmọ́ ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó wò ó.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lọ sí ọjà Olúwo, kí Bọ̀ọ̀dá mú yín lọ sí ọsibítù ìjọba. Ẹ má jẹun kí ẹ tó lọ, kí wọ́n lè wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín. Bó bá dé 126 mg/dL láìjẹun, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Kí wọ́n wo ojú yín pẹ̀lú. Ẹ̀ ń sọ pé ọjọ́ orí ni, ṣùgbọ́n àrùn ojú kan wà tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tó pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, tí kì í sábà dunni, tí ohun tó bá sì mú lọ nínú ìríran kì í padà. Bọ̀ọ̀dá náà ti lé ní 50. Kí wọ́n béèrè àyẹ̀wò próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹni tó bá ń wá àìsàn kiri á rí i. Màmá, èyí tó bá wà lára ti wà níbẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó dé ibẹ̀. Mo ti fi owó àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá, n ó sì máa fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún.

Kí wọ́n kọ gbogbo nọ́ńbà sínú ìwé, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù mi níbi tí wọ́n ti béèrè nípa ìlera ìyá mi, mo ṣì fi í sílẹ̀ lófìfo.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbígbẹ̀yìn yín.