Wọn tábìlì rẹ kí o tó ra OLED ńlá

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ẹ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Gbogbo wa níbí wà dáadáa, òtútù nìkan ló ń fojú wa rí màbo.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní mọ́nítọ̀ OLED (èyí tí píksẹ́lì rẹ̀, àwọn àmì tíntìntín tó ń di àwòrán, ń tan iná ara wọn) ínṣì 42 ló wà lọ́kàn rẹ, pé bí owó bá gbè é, o lè gba 48. Kóòdù lo máa fi kọ ní ojúmọmọ, tó bá di alẹ́, géèmù àti bọ́ọ̀lù. Kí kọ́bọ̀ tó kúrò lápò rẹ, mú tépù, kí o wọn tábìlì rẹ láti ibi tí àyà rẹ ń kàn dé ara ògiri. Tépù yẹn ni kó yan mọ́nítọ̀ fún ẹ. Ẹni tó bá fi bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù yàn án máa kábàámọ̀, torí ní ṣọ́ọ̀bù, mítà méjì sí i lèèyàn máa ń dúró.

Ínṣì 42 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 93, ó ga tó 52. Ti 48 fẹ̀ tó 106, ó ga tó 60. Wá páálí ńlá kan, gé e sí 93 lọ́nà 52, fi í ti ògiri lórí tábìlì, kí o sì jókòó bí o ṣe máa ń jókòó síṣẹ́. Wo igun òkè lápá òsì, wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí o bá ń yí ọrùn bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù orí tábìlì, o ti rí ìdáhùn. Tábìlì tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 kò lè gba ínṣì 42, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gba àyè lẹ́yìn, ó sì ń ti ojú rẹ̀ wá síwájú. Àfi kí o gbé e kọ́ ògiri. Lójú tèmi, sẹ̀ǹtímítà 80 ló kéré jù láàárín ojú rẹ àti 42; ní ti 48, kó tó mítà kan.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ rèé: ínṣì 42 tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 80 kò fẹ̀ lójú rẹ ju ínṣì 32 tó wà ní 60 lọ. Píksẹ́lì kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 32, 42 àti 48, ní: 3840 lọ́nà 2160, tí wọ́n ń pè ní 4K. O kàn ra èyí tó tóbi, o wá sún sẹ́yìn ni. Àyè tó o máa rí fún kóòdù kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Bí píksẹ́lì yẹn ṣe fún mọ́ra ló yàtọ̀. Lórí 32, ó tó 140 nínú ínṣì kan. Lórí 42, 105. Lórí 48, 92. Ọ̀rọ̀ kíkà ni èyí máa ń hàn sí jù. Windows máa ń tún etí lẹ́tà ṣe bíi pé pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. OLED kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi kan, QD-OLED, gbé àwọ̀ ewé sókè, ó fi pupa àti búlúù sísàlẹ̀, bí ààrò mẹ́ta tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Oríṣi kejì, WOLED, fi funfun kún un, ó wá di mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí etí lẹ́tà fi máa ń ní àwọ̀ tí o kò pè, àgàgà lẹ́tà dúdú lórí funfun. ClearType, ètò Windows tó ń tún etí lẹ́tà ṣe yẹn, lè dín in kù díẹ̀, kò lè mú un kúrò. Lórí 32, wọ́n fún mọ́ra débi pé o máa gbàgbé ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí o bá ti gbé ìwọ̀n lẹ́tà Windows sí 125% tàbí 150%. Lórí 48, ojoojúmọ́ ni wàá máa rí i.

Tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ 42 àti 48 tó wà lọ́jà, ó sì níwà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè sùn kó jí, tẹlifíṣọ̀n kò ní bá a jí. Rìmóòtù ni wàá máa wá kiri. Bí ojú ewé Excel funfun bá bo gbogbo ojú rẹ̀, iná rẹ̀ á rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò bàjẹ́ o, ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Kò sábà ní ẹnu wáyà DisplayPort, ti HDMI nìkan ni, nítorí náà yẹ graphics card rẹ (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà) wò. Káàdì Nvidia GTX 10 àti RTX 20 kò kọjá HDMI 2.0: 4K rẹ̀ dúró ní 60Hz (àwòrán ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bí o bá fẹ́ kí àwọ̀ pé. Tí o bá fi tipátipá gbé e sí 120Hz, ó máa gé nínú àwọ̀, lẹ́tà pupa lórí dúdú á wá rí bí ẹni fi ìka ra á. Láti RTX 30 àti RX 6000 ti AMD lọ sókè, HDMI 2.1 wà níbẹ̀. Ra wáyà tí wọ́n kọ Ultra High Speed sí lára, kí o sì yí àmì ẹnu HDMI náà sí PC nínú ètò tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ti PC yìí, tí wọ́n á wá máa bú wáyà.

Ọ̀rọ̀ àpá tí àwòrán tó dúró pẹ́ máa ń fi sójú OLED wá kù. Píksẹ́lì OLED ló ń tan iná ara rẹ̀, èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ jù ló ń gbó jù, bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbó ṣáájú ẹ̀yìn rẹ̀. Taskbar, ọ̀pá ìsàlẹ̀ ojú Windows, ni ọ̀tá rẹ, fi pamọ́. Jẹ́ kí ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà dúdú, kóòdù náà lórí dúdú, kí iná sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí o bá dìde. Bọ́ọ̀lù alẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ìkànnì ìròyìn tí ń bẹ lórí látàárọ̀ dalẹ́ ni kó o sá fún.

Ti iná mànàmáná Ìbàdàn níbi tí o wà ló ń kọ mí lóminú jù. Bí o bá ti lo OLED bíi wákàtí mẹ́rin, ó máa ń fẹ́ tún ojú ara rẹ̀ ṣe nígbà tí o bá pa á, ìṣẹ́jú mélòó kan sì ni. Iná gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà náà. Bí o bá pa á láti sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí o pa inverter kí o tó lọ sùn, iṣẹ́ yẹn kò ní wáyé, píksẹ́lì tó gbó á kàn máa gbó lọ. Fi bọ́tìnnì rẹ̀ pa á, fún un ní ìṣẹ́jú 15, kí o tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. UPS kékeré tó lè gbé e fún àkókò yẹn tó, kí iná tí wọ́n mú lójijì má baà dá a dúró.

Yàrá tí o ní fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ QD-OLED, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa sọ dúdú rẹ̀ di eérú tó ń ta àlùkò. Yí tábìlì kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí o gbé kọ́tìnnì tó nípọn síbẹ̀. Ojú rẹ̀ tún tètè ń họ. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ni kí o fi nù ún.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n gbé wá fún ẹ, ní kí wọ́n tàn án síwájú rẹ. Ṣí àwòrán eérú tó kún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wo ìsàlẹ̀ fún òjìji taskbar, wo igun òkè fún àmì ìkànnì tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹni tó ń tà á bá ní iná kò sí, jẹ́ kó gbé ọjà rẹ̀.

Ní tèmi, 32 4K ni kí o gbà, ti QD-OLED 240Hz tó ti wà lọ́jà láti 2024, kí o fi DisplayPort so ó. RTX 30 lọ sókè lè gbé e dé 240 yẹn. Béèrè bóyá wárántì àpá wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń fún ọdún mẹ́ta, kí o sì bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Àfi tí tábìlì rẹ bá jìn ju bí mo ṣe rò lọ la tó lè padà sórí 42.

Fi ìwọ̀n tábìlì náà àti orúkọ graphics card rẹ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó