Lẹ́tà sí Àkànní: Fi Ìwé Náà Lé Ìyàwó Rẹ Lọ́wọ́

Móníyà, Ìbàdàn.

Àkànní ọmọ mi,

Ara mi le, mo dúpẹ́. Káfíńtà ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, àbúrò rẹ sì ti wọlé padà sí Poli. Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ṣe iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà yà kí mi nígbà tó wálé, ọ̀rọ̀ tó sọ kò sì jẹ́ kí n sùn: ó ní ìwé tí wọ́n fún ọ nígbà tí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí ẹ ń pè ní DD 214, wà nínú bùútù ọkọ̀ rẹ, láàárín tàyà àti jáàkì, àti pé orúkọ tèmi ló ṣì wà lórí ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí rẹ, pé èmi ni kí wọ́n san owó fún bí o bá kú. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Ṣé ìyàwó rẹ tilẹ̀ mọ ibi tí ìwé náà wà?

Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ológun níbẹ̀, tí wọn kò fi àbùkù lé e kúrò, lẹ́tọ̀ọ́ sí ibojì ní itẹ́ òkú ìjọba. Wọn yóò gbẹ́ ẹ, wọn yóò dí i, wọn yóò gbé òkúta orúkọ sórí rẹ̀, wọn yóò máa tọ́jú rẹ̀, wọn yóò sì fún ẹbí ní àsíá, láìgba kọ́bọ̀. Ìyàwó náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àní bó bá ṣáájú ọkọ lọ, àti ọmọ tí kò tíì ṣègbéyàwó, tí kò sì tíì pé ọdún 21, tàbí ọdún 23 bó bá ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìyá kì í sábà sí lára wọn, kò sì dùn mí, ilẹ̀ Ìbàdàn ni kí ẹ sin mí sí. Owó àwọn tó ń tọ́jú òkú, ẹbí ni yóò kọ́kọ́ san án, bí kì í bá sì ṣe iṣẹ́ ológun ló fa ikú, ọdún 2 péré lẹ́yìn ìsìnkú ni ààyè wà láti béèrè owó ìrànwọ́. Kódà ènìyàn lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀tọ́ òun wò nígbà tó wà láàyè, Fọ́ọ̀mù 40-10007 ni wọ́n ń kọ sí. DD 214 yẹn sì ni ẹ̀rí tí wọn yóò fẹ́ rí.

Ìwé bẹ́ẹ̀ lo wá fi kún tàyà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fojú rí i, ọkọ mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ, ibo ni yóò ti mú un?

O kéré nígbà tí bàbá rẹ kú. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bárékè Mọ́kọ́lá, kó tó fẹ́ mi, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí next of kin, kò sì yí i padà títí ó fi dákẹ́. Akọ̀wé kan ṣí fáìlì, ó fìka tọ́ orúkọ náà fún mi, ó ní, “Màmá, orúkọ yín kọ́ nìyí.” Ẹ̀tọ́ bàbá rẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ra bàtà kan fún ọ rí. Mo sì ti mọ̀ nípa orúkọ yẹn tipẹ́. Ìbẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé mò ń wá ikú ọkọ mi ló jẹ́ kí n panu mọ́.

Nígbà tí o gbéyàwó, o bi mí bóyá kí o yọ orúkọ mi kúrò lórí ìnṣọ́ránsì náà, mo ní kí o fi í sílẹ̀ ná. Àkànní, ó dùn mọ́ mi ni. Mo fẹ́ kí ibì kan ṣì wà tí mo ti ṣáájú ìyàwó rẹ, mo sì mọ ohun tí irú ẹ̀ fojú mi rí. Yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún, ìwé ìpíngún kankan kò lè yí i padà.

Mú ìwé yẹn kúrò nínú bùútù lónìí, ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o sì fi ojúlówó lé ìyàwó rẹ lọ́wọ́. Fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ lórí WhatsApp, fóònù tèmi ti kún. Ẹlúbọ́ yín wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Bí ìwé náà bá ti dé ọwọ́ ìyàwó rẹ, kí òun fúnra rẹ̀ pè mí. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.